Ìdí Tí A Kì Í Fi Kánjú Kun Ẹni Tó Ní Sepsis Lóorun

Ìbéèrè kan wà tí àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń bi wá: "Dókítà, ẹ ní ìfun bàbá wa ti bẹ́, ẹ ní iṣẹ́ abẹ ló máa gbà wọ́n là. Kí wá lẹ tún ń dúró dè?" Ó tọ́ kí àwa tá à ń kun aláìsàn lóorun dáhùn, torí ọ̀dọ̀ wa ni ìdádúró náà ti sábà máa ń wá.

Tí ìfun tó bẹ́ bá ti di sepsis sí aláìsàn lára, wàhálà náà kọjá kòkòrò àrùn. Sepsis ni pé ara ń bá kòkòrò jà débi pé ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, omi inú rẹ̀ á máa jò sínú ẹran ara, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró á bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2017 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 èèyàn ló bá a lọ káàkiri àgbáyé.

Oògùn tá a fi ń kunni lóorun náà máa ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Propofol, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, tí ẹni tára rẹ̀ le ń gbà láìsí wàhálà lè já ìfúnpá irú aláìsàn yìí wálẹ̀ débi tí ọkàn rẹ̀ á fi dúró, kí oníṣẹ́ abẹ tó mú ọ̀bẹ rárá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ́kọ́ gbé e ró. A óò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, a óò fún un ní oògùn apakòkòrò. Bí ìfúnpá bá ti já, a kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí 1 lọ ká tó fún un ní oògùn yẹn. A óò fa omi sí i lára, nǹkan bíi mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí 3 àkọ́kọ́. Ẹni tó wọn kílò 70 á gbà tó lítà 2 ó lé díẹ̀. Àpọ̀jù omi máa ń kún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà èmi kì í dúró kó tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ noradrenaline, tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kí ìpíndọ́gba ìfúnpá lè dé 65 ó kéré tán.

Màá tún tẹ inú orí ìka aláìsàn títí táá fi funfun, màá ka ìṣẹ́jú àáyá 10, màá sì tú u sílẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé, kódà bí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ bá dára. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìka yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n a kì í dúró títí ara á fi yá. Bí ọyún ìfun tó bẹ́ náà bá ṣì wà nínú ikùn, kò sí oògùn tó lè dá ogun yẹn jà. Tí aláìsàn bá ti lè fara da iṣẹ́ abẹ díẹ̀, a máa ń lo ketamine, oògùn ìkunnilóorun mìíràn, níwọ̀nba, noradrenaline ò ní dáwọ́ dúró, a ó sì máa bá ìtọ́jú lọ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ títí dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Níbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ń bá a mí, èémí kékeré là ń fún un, ká má bàa ya ẹ̀dọ̀fóró. Wákàtí wákàtí là ń wọn ìtọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé aláìsàn wá, ẹ má dúró ká tó béèrè. Ẹ sọ ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn, ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ìgbà tó jẹun gbẹ̀yìn, àti gbogbo oògùn tó ti lò nílé.