Ẹ Jẹ́ Kí Egbére Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Bí ọmọdé bá ń sunkún láìdákẹ́ nílé wa, wọ́n á ní, "Ṣé egbére ni ọ́ ni?" Gbogbo wa la mọ ẹ̀dá kúkúrú yìí. Ó ń gbé ẹní kiri inú igbó, ó ń sunkún tọ̀sán tòru. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di olówó, bó bá ti lè fara da ẹkún rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn títí mo fi dàgbà, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí pé nínú àwọn méjèèjì yìí, ta gan-an ni olè.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ọ̀dọ́ tún ìtàn wọn ṣe, nínú yàrá kékeré kan lójú ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń dé ọwọ́ mi báyìí ni ìtàn tí iwin, àlùjànnú tàbí egbére ń fẹnu ara rẹ̀ sọ. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ibì kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kọsẹ̀.

Irú ìtàn yìí kì í ṣe àjèjì. Ní Amẹ́ríkà, òǹkọ̀wé kan, John Gardner, mú Grendel, abàmì ẹ̀dá inú ewì àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kó wá ròyìn ara rẹ̀, 1971 nìyẹn. Nílé wa níbí, ẹ wo orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé. Ẹnu òbí ni gbogbo rẹ̀ ti wá, a ò gbọ́ èsì ọmọ. Òǹkọ̀wé Ben Okri fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu nínú The Famished Road, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn ìwé tí wọ́n ń pè ní Booker ní 1991. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéwú ní Ìlọrin kò sì ní ṣàì rántí Súrátù Jinní, orí 72, níbi tí àwọn àlùjànnú ti ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn pé ẹni rere wà nínú àwọn, àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀ náà wà. (Mi ò fi Kùránì wé ìtàn àròsọ o. Ohun tí mò ń wí ni pé etí wa ti mọ ohùn yẹn tipẹ́.) Ọdẹ tó pa erin, tí yóò sì jẹ ẹ́, òun náà ló tún ń fi ìjálá kì í.

Kódà Fágúnwà. Láti 1938 la ti ń bá ọdẹ rẹ̀ wọ Igbó Irúnmalẹ̀, tí àyà wa ń já. Ẹ tún orúkọ igbó yẹn pè dáadáa: ilé wọn ni. Ọdẹ ló gbé ìbọn wọlé onílé.

Ó yá, ibi ìkọsẹ̀ wa rèé. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ báyìí: "Èmi ni egbére, ẹ̀dá búburú tí ń dẹ́rù ba ọmọ aráyé. Ojú mi pọ́n bí iná." Mo bi í pé, "Níbo ni egbére ti rí dígí?" Kò sẹ́ni tó ń rí pípọ́n ojú ara rẹ̀. Èèyàn ló ṣì ń sọ ìtàn yẹn, ó kàn fi "èmi" bojú ni. A jókòó tì í di ìrọ̀lẹ́, ohun tó kọ padà nìyí:

"Èyí ga. Ẹ̀ka tí ọwọ́ mi kì í tó ń gbá a lórí. Òórùn epo ọkọ̀ àti ọṣẹ ń jáde lára rẹ̀. Kò wo ojú mi rárá. Abẹ́ apá mi ló ń wò, níbi tí ẹní wà. Ìyá mi ti sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti ń wo ẹní, kí n má dúró kí wọn."

Ẹ rí i pé kò pe ara rẹ̀ ní egbére. Orúkọ tí àwa sọ ọ́ nìyẹn, kò sì ní ìdí tí yóò fi máa fi pe ara rẹ̀. Àwa gan-an la di abàmì níbẹ̀: gíga wa, òórùn wa, ojúkòkòrò wa.

Òwe tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Ọmọbìnrin kan fi "àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́" sẹ́nu àlùjànnú inú odò. Ọjà wo? Ṣé ó ti ná ọjà rí ni, àbí ó ti rí ìyá tó pọnmọ? Òwe wa, ara oko wa, ọjà wa àti ìdílé wa la ti fà á yọ. Ẹni tó ń gbé inú omi yóò ní tirẹ̀. Ó lọ ronú, ó kọ ọ́ pé, "Omi kì í bèèrè orúkọ kó tó gbé ni." Ó wù mí débi pé mo fẹ́ jí i.

Àṣìṣe kejì, èmi fúnra mi ti ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìtàn egbére, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Wọ́n jí ẹní rẹ̀, wọ́n sun igbó rẹ̀, wọ́n pa ìyá rẹ̀. Òun kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo kà á fún ìyá àgbà mi ní Òmù-Àrán. Wọ́n gbọ́ ọ parí, wọ́n ń já ẹ̀fọ́ wọn lọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló wá dé tí ọdẹ fi ń sá fún un?"

Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Egbére ti kúrò nínú ìtàn mi, ọmọ òrukàn kan ló kù. Bí ẹ̀dá yín bá ń gbé ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kó gbé e, kí ìyá ọmọ náà sì ní orúkọ àti ojú. Ìdí tó fi gbé e ni kó tọ̀nà lójú tirẹ̀. Ẹ má fi ìyà àtẹ̀yìnwá san gbogbo gbèsè rẹ̀ fún un. Kẹ́ ẹ sì fún un ní èèwọ̀ kan, ọ̀kan ṣoṣo ti tó: egbére kò lè fi ẹní sílẹ̀, bó ti wù kí ẹní wúwo tó. Ẹ̀dá tó lè ṣe gbogbo nǹkan kì í pẹ́ sú òǹkàwé.

Ìtàn kan wà lórí tábìlì mi lọ́wọ́lọ́wọ́, ti àlùjànnú kan nínú Odò Àsà. Ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìwàásù lórí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí à ń dà sómi. Mo ní kí oníìtàn yọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó padà wá, àlùjànnú náà ti ń ṣa ìdérí ìgò jọ, ó ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́ bí ẹni ń ka owó. Ọmọ kan wá ṣan ẹsẹ̀ létí odò, ó yọ̀, ó ṣubú sínú omi, ìdérí kan sì wà ní ìkúùkù rẹ̀ tí irú rẹ̀ kò sí nínú ti àlùjànnú. Ibẹ̀ ni oníìtàn dúró sí. Ó bi mí pé kí ni kí ó ṣe fún ọmọ náà. Mo ní kó lọ bi àlùjànnú.