Pókà short-handed: tábìlì tí èèyàn ò pọ̀ nídìí rẹ̀

Àwọn tó ń ta pókà ní Abẹ́òkúta mọ bó ṣe máa ń rí lálẹ́ Sátidé. Èèyàn mẹ́sàn-án ló jókòó. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ẹni tó ń padà sí Èkó ti dìde, ẹni tí ìyàwó ń pè láti Láfẹ́nwá ti tẹ̀ lé e, ó wá ku mẹ́rin. Eré tó kù yẹn ni short-handed: tábìlì tí èèyàn ibẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ. Òfin ò yí padà, káàdì 52 náà ni. Owó tí sùúrù ń náni ló yí padà.

Bláìndì ló fà á, ìyẹn owó tí àwọn méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. Ká ní kékeré jẹ́ ₦50, kí ńlá jẹ́ ₦100. Bó bá yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan, ₦150 ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦17 lórí ìpín kan, mẹ́fà, ₦25, mẹ́ta, ₦50. Bí owó epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ jọ ń dá ni: báwọn kan ṣe ń lọ sílé, tàwọn tó kù ló ń wúwo.

Éèsì méjì, ìyẹn káàdì méjì tó lágbára jù tí wọ́n lè pín fún èèyàn níbẹ̀rẹ̀, kì í sì wá ju bí ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìpín 221. Ẹni tó bá ń dúró dè é níbi tí èèyàn mẹ́ta wà á ti san bíi ₦11,050 kó tó dé, bẹ́ẹ̀ ₦10,000 péré lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jókòó sí irú eré yẹn.

Ṣùgbọ́n káàdì lásán náà ń lágbára sí i. Éèsì méjì tó bá dojú kọ èèyàn mẹ́sàn-án títí dé òpin ò lè borí ju bí 31 lọ nínú 100. Tó bá dojú kọ ẹyọ kan, ó di 85. Nítorí náà kíńgì pẹ̀lú mẹ́wàá, tí ẹ máa ń jù nù níbi tí èèyàn pọ̀, ti di ohun tí a lè fi jà. Àwọn káàdì kéékèèké tó tò léra, bíi márùn-ún àti mẹ́fà, ló ń pàdánù díẹ̀, torí wọ́n nílò èrò tó máa sanwó fún wọn.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé: wọ́n gbọ́ pé kí wọ́n má dúró pẹ́, wọ́n wá ń sanwó tẹ̀ lé gbogbo ẹni tó bá dá owó. Rárá o! Ẹ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ fi owó lé owó. Ẹni tó ń sanwó tẹ̀ lé èèyàn ní láti ní káàdì tó dára jù kó tó jẹ. Ẹni tó fi owó lé e lè jẹ láìṣí káàdì rẹ̀, báwọn yòókù bá sá.

Ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Bọ́tìnì ni àmì tó ń yí tábìlì ká láti fi ẹni tí wọ́n kà sí olùpín káàdì hàn. Bí wọ́n bá ti ṣí káàdì àárín tí gbogbo wọn jọ ń lò, ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ó ti rí ohun tí gbogbo wọn ṣe. Bí àwọn tó ṣáájú bá ti jù ú, àwọn ọ̀jáfáfá lè fi nǹkan bí ìdajì káàdì wọn gbé owó sókè níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣíwájú láàárín mẹ́fà ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ.

Bó bá wá ku ẹni méjì, ẹni bọ́tìnì ló ń san bláìndì kékeré. Òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣí káàdì àárín, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn náà. Àríyànjiyàn lèyí máa ń dá sílẹ̀. Ẹ fẹnu kò lé e lórí kí ẹ tó pín káàdì.