Ibo ni iṣẹ́ yín wọlé sí nínú kọ̀ǹpútà?

Títẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fúnra rẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò yá kọ́ ló ń sọ iṣẹ́ wọn nù. Wọn ò mọ ibi tí iṣẹ́ náà wọlé sí ni.

Ohun tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́, inú RAM ló wà, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń fi nǹkan sí fúngbà díẹ̀. Bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, RAM ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn. Díìsìkì ló ń pa nǹkan mọ́, iná ì báà wà, kó má sì sí. Láti gbé iṣẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ di Ctrl mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ S. Ẹ máa ṣe é bí ẹ bá ti parí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà á béèrè orúkọ tí ẹ fẹ́ pe fáìlì, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ fi pamọ́, àti fódà, ìyẹn àpò tí ẹ fẹ́ kó wà. Ojú orúkọ nìkan làwọn èèyàn ń wò, wọ́n á kàn tẹ Save, fáìlì á gba ibi tó wù ú lọ. Ẹ ka orúkọ fódà tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun; Documents ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Windows, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, kì í gba / tàbí : tàbí ? nínú orúkọ fáìlì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ sí i, 12-5 lẹ máa kọ, kì í ṣe 12/5.

Ẹ dán èyí wò: ẹ tẹ ìlà kan, ẹ fi pamọ́, ẹ pa ojú ìwé náà dé pátápátá. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì Windows àti E pọ̀ kí ojú ibi tí àwọn fódà wà lè ṣí, kí ẹ wá fáìlì náà kàn. Ẹ tún un ṣe nígbà 5, fódà ọ̀tọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó ń súni lóòótọ́, àmọ́ ó wúlò ju wákàtí kan ìtẹ̀wé lọ.

Ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, Downloads ló sábà ń balẹ̀ sí.

Fáìlì tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ wò ó nínú Recycle Bin, ibi tí ohun tí ẹ pa rẹ́ ń lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lé e lórí, kí ẹ yan Restore. Ti fúláàṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí ẹ̀ kì í sábà gba Recycle Bin kọjá rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe fà á yọ nígbà tí fáìlì ṣì ń wọlé sínú rẹ̀ lọ́wọ́: ìdajì lè wọlé kí ìdajì má wọlé, fáìlì náà á sì kọ̀ láti ṣí.