Bí A Ṣe Ń Tọpa Gbígbọ̀n Tí Kò Lọ Lára Ọkọ̀ Fọ́-Wíìlì

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lè fà, irú Hilux, Prado tàbí Land Cruiser tí ó pọ̀ lójú títì wa, ní ohun tí ń yí lábẹ́ rẹ̀ ju ọkọ̀ kékeré lọ. Pùròpẹ́là méjì ni ó ní, ìyẹn ọ̀pá irin gígùn tí ń yí láti gbé agbára lọ, ọ̀kan lọ sí iwájú, èkejì lọ sí ẹ̀yìn. Transfer case ni ó ń pín agbára fún wọn, differential, àkójọ jíà tí ń pín agbára sí ọ̀nà méjì tí ó sì ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yára ju èkejì lọ, sì wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí fọ́kanáísà ti ṣe bàláńsì táyà rẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ni ín yóò máa ra ohun èlò kan tẹ̀ lé òmíràn, láti búṣì dé béárìn, títí owó yóò fi tán. Ó dùn mí láti máa rí irú owó bẹ́ẹ̀ tí ń ṣòfò, nítorí pé gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń bá rìn, a sì lè mọ ohun náà kí a tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ohun mẹ́ta ni ó lè máa bá rìn: eré tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sá, eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá, tàbí iṣẹ́ tí a gbé ka ẹ́ńjìnnì lórí nígbà tí a bá tẹ tọ́túlù. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó wá ojú ọ̀nà tí ó tọ́, tí ó tẹ́jú, tí ọkọ̀ kò sì sí, a ó sá eré dé ibi tí gbígbọ̀n ti le jù, ká sọ pé kìlómítà 95 ní wákàtí kan, a ó wá bọ́ jíà sí nútúrà kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ kú nígbà tí a ń ṣe èyí, nítorí pé bí ó bá kú, sítíárìn àti bíréèkì yóò le. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń gbọ̀n bí ó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti bọ́ nínú ẹ̀sùn: táyà, họ́ọ̀bù tàbí pùròpẹ́là ni ká dojú kọ. Bí ó bá dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, a ó páàkì, a ó sì tẹ tọ́túlù lórí ìdúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dé iye ìyípo tí ó wà nígbà tí ó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà. Bí ó bá gbọ̀n níbẹ̀ pẹ̀lú, ká wo sítíìnì ẹ́ńjìnnì àti ti jíà, fáànù, àti bóyá sílíńdà kan kò ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ. Bí kò bá gbọ̀n, a jẹ́ pé ìgbà tí agbára bá ń kọjá lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni ó ń gbọ̀n, ojú yóò sì lọ sí oríkèé àwọn ṣáfútì iwájú, sí pùròpẹ́là tàbí sí torque converter, ohun tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà lára ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ pé bí ọwọ́ sítíárìn bá ń gbọ̀n, iwájú ni àrùn wà. Bí ó bá jẹ́ àga, ẹ̀yìn ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí kò tó dá ẹjọ́ ni fún Hilux àti Prado, nítorí pé orí férémù irin gbọọrọ ni ara àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí jókòó sí, férémù náà sì ń gbé gbígbọ̀n láti ẹ̀yìn wá sí iwájú.

Ẹ̀rí tí mo gbà pé ó lágbára jù ni iye ìgbà tí ọkọ̀ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Táyà 265/65R17, tí ó wọ́pọ̀ lára Hilux àti Prado, ń rin nǹkan bíi mítà 2.4 ní ìyípo kan. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń rin mítà 27.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà táyà rẹ̀ ń yí ní ìgbà 11 sí 12 láàárín àkókò yẹn. Bí differential rẹ̀ bá jẹ́ oní-3.9, pùròpẹ́là ń yí ní ìgbà 3.9 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ara mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Ti táyà lọ́ra, ojú ń rí i lára ọwọ́ sítíárìn. Ti pùròpẹ́là ń kùn, ẹsẹ̀ ń gbọ́ ọ lórí ilẹ̀ ọkọ̀, ohun tí a ń rí nínú dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn sì máa ń ṣe bàìbàì. Ẹni tí kò bá gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ lè lo áàpù orí fóònù tí ń ka gbígbọ̀n, ṣùgbọ́n orí irin tí àga jókòó sí ni kí ó gbé fóònù náà lé, nítorí pé tìmùtìmù máa ń gbé gbígbọ̀n mì.

Bí ìṣírò bá na ìka sí táyà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rímù. Ọkọ̀ tí ó ti ọ̀nà oko bọ̀ lè kó ẹrẹ̀ síbẹ̀, níbi tí ojú kò tó, ẹrẹ̀ tí ó bá sì gbẹ lápá kan rímù lè wúwo ju òjé tí fọ́kanáísà ń kàn mọ́ ọn lọ. Lẹ́yìn èyí, ká rántí pé ẹ̀rọ bàláńsì lè sọ pé táyà dára nígbà tí táyà náà kò rí róbótó mọ́. A ó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sókè, a ó gbé igi kan sún mọ́ ojú táyà, a ó sì rọra máa yí i. Bí àlàfo àárín igi àti táyà bá ń fẹ̀ tí ó tún ń dín, okùn inú táyà ti lè já. Táyà tòkúnbọ̀ ni ká fura sí jù lórí èyí. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT ara rẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rímù tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà, tí ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ ju orí họ́ọ̀bù lọ, lè má jókòó sí àárín gbùngbùn bí a kò bá di àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn. Ọ̀nà tí ó yára jù láti parí àríyànjiyàn nípa táyà ni láti yá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára ọkọ̀ irú rẹ̀ kan tí kò gbọ̀n, kí a sì tún ojú ọ̀nà náà gbà.

Pùròpẹ́là ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù, òun náà sì ni a kì í sábà bèèrè. Ní orí rẹ̀ méjèèjì ni universal joint wà, oríkèé irin tí ó dà bí àgbélébùú, tí ó jẹ́ kí ó lè yí bí ó tilẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀. Oríkèé yìí ní ìwà kan: bí apá tí ń fà á bá tilẹ̀ ń yí déédéé, apá tí a ń fà yóò máa yára lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì máa falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, bí ìdàgẹ̀rẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìyàtọ̀ náà yóò ṣe pọ̀ tó. Ohun tí kò jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ máa gbọ̀n ni pé oríkèé kejì ń tún ohun tí àkọ́kọ́ bàjẹ́ ṣe, bí ìdàgẹ̀rẹ̀ orí méjèèjì bá dọ́gba, tí àwọn ẹ̀ka irin tí ó di oríkèé mú lára pùròpẹ́là náà sì dojú kọ ibì kan náà. Ẹni tí ó bá fi sípírínì tuntun gbé ọkọ̀ rẹ̀ ga ti yí ìdàgẹ̀rẹ̀ náà padà. Bákan náà ni ẹni tí ó tú pùròpẹ́là láti sọ jíà kalẹ̀ nítorí kíláàṣì, tí apá tí ń wọ inú èkejì yọ, tí ó sì dá a padà ní eyín kan tàbí méjì sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Gbígbọ̀n tí irú èyí ń fà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì ìyípo pùròpẹ́là, bí ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá ní eré tí a fi ṣe ìṣírò lókè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tú u, ó yẹ kí ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí gbogbo ibi tí wọ́n ti so mọ́ra, nítorí pé ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ gbà tò ó kì í ṣe ọ̀kan náà lára gbogbo ọkọ̀.

Láti mọ̀ bóyá oríkèé ti jẹ, a ó fi òkúta dí táyà, a ó bọ́ jíà sí nútúrà, a ó sì fi ọwọ́ mi pùròpẹ́là sókè sódò. Kò yẹ kí ó ṣí rárá, bí eruku pupa bá sì yí oríkèé náà ká, gíríìsì ti tán nínú rẹ̀. Pùròpẹ́là ẹ̀yìn tí ó pín sí méjì, irú ti Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin, ní béárìn kan láàárín tí rọ́bà yí ká. Bí rọ́bà náà bá ya, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n nígbà tí ó bá ń ṣí kúrò níbi ìdúró, pàápàá bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì parọ́rọ́ bí ó bá ti ń sáré. Ó yẹ ká tún wo bóyá òkúta ti lu pùròpẹ́là, tàbí irin kékeré tí wọ́n jó mọ́ ọn láti mú un dọ́gba ti já.

Bí a kò bá mọ̀ bóyá ti iwájú ni tàbí ti ẹ̀yìn, ọkọ̀ fọ́-wíìlì fún wa ní àǹfààní kan. Prado tí ń fà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo ní differential àárín, tí ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, tí a lè tì pa. A ó tú pùròpẹ́là iwájú kúrò, a ó ti differential àárín pa, a ó sì fi ti ẹ̀yìn nìkan wa ọkọ̀ náà; láìtì í pa, ọkọ̀ kò ní lọ rárá. Bí gbígbọ̀n bá lọ, a ti mọ ìhà tí ó wà. Hilux tí a ń fi ọwọ́ yan fọ́-wíìlì fún kò ní differential àárín, nítorí náà bí a bá fi í sí 4H, níbi tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà, lórí títì gbígbẹ tí a sì yí kọ́nà, yóò máa fò, yóò sì máa gbọ̀n, nítorí pé ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn jìn ju ti ẹ̀yìn lọ. Èyí kì í ṣe àrùn. Ká dá a padà sí 2H, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ti ń fà, ni.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì nìkan ni ó ń gbọ̀n, dísìkì bíréèkì ni ká kọ́kọ́ fura sí. Fún ọkọ̀ tí áàsì iwájú rẹ̀ jẹ́ odidi irin kan, irú Jimny, Wrangler àti Land Cruiser 70, gbígbọ̀n burúkú kan wà tí kòtò kan ṣoṣo lè ru sókè, tí ọwọ́ sítíárìn yóò máa jà títí eré yóò fi dín kù. Wọ́n á sábà pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì sítíárìn fún un. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni. Búṣì ọ̀pá tí ó so áàsì mọ́ férémù ní ìbú, béárìn orí àwọn oríkèé sítíárìn, àti bàláńsì táyà ni kí a yẹ̀ wò.

Torque converter ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù lára ọkọ̀ ọ̀tọ́, ìyẹn èyí tí ń yí jíà fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré ìwọ̀nba, tí a kò sì tẹ tọ́túlù púpọ̀, ó lè máa gbọ̀n bí ẹni pé ó ń gun ojú títì tí wọ́n fín sí wẹ́wẹ́. Ká rọra fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì láìgbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò: bíréèkì yóò jẹ́ kí converter tú ìdè inú rẹ̀, bí gbígbọ̀n náà bá sì dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ẹ má ṣe fọwọ́ kan táyà. Epo jíà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ sì fi irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà sọ pààrọ̀ rẹ̀.