Chirori: ife tánńganran tí sake fi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́

Ẹni tó bá wọ ilé ọtí kékeré kan ní Ọ̀sákà, ìlú kan ní Jàpáànù, nígbà òtútù, tó sì ní kí wọ́n bá òun mú sake gbóná díẹ̀, kò ní rí i kí wọ́n gbé ọtí ìrẹsì náà kaná. Ife gíga kan tó ní ọwọ́ àti imú ni olùtajà máa rọ ọtí sí. Á ri ife náà sínú omi gbígbóná títí omi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn rẹ̀, á sì fi ọwọ́ ife kọ́ etí ìkòkò omi. Kò ní pẹ́ rárá tí á fi fà á yọ, tí á fi ìka kan ìdí rẹ̀, tí á sì mọ̀ bóyá ó ti tó. Ife yẹn ni wọ́n ń pè ní chirori. Wọ́n ń fi bàbà tàbí alumíníọ̀mù ṣe é náà, ṣùgbọ́n ti tánńganran ni àwọn tó mọ sake mu ń wá.

Tánńganran tí à ń wí yìí kì í ṣe abọ́ aláràbarà tí àwọn ìyá wa ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Irin funfun rírọ̀ tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Jos ni, èyí tí wọ́n fi ń bo ara agolo kí ó má baà dípẹtà. Suzu ni àwọn ará Jàpáànù ń pè é. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọtí débi pé àwọn kan ṣì ń pe ìgò sake tí wọ́n ń gbé síwájú òrìṣà ní ojúbọ Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, ní suzu, bí ìgò náà tilẹ̀ jẹ́ amọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Ọ̀rọ̀ ooru ni. Bí sake bá wà ní nǹkan bí ogójì (40) lórí ìwọ̀n Celsius, nurukan ni wọ́n ń pè é. Ní 45, ó ti di jōkan. Ní 50, atsukan. Ìwọ̀n márùn-ún péré ló ń yí orúkọ padà, òórùn àti adùn náà á sì yí. Ìgò amọ̀ kì í tètè jẹ́ kí ooru wọlé. Nígbà tó bá sì ti mu ooru sára tán, ó ṣì máa ń yọ́ ọ fún ọtí lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e kúrò nínú omi. Tánńganran ń gba ooru kọjá ju amọ̀ lọ ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìlọ́po, kì í sì í tọ́jú púpọ̀ pa mọ́. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, gbígbóná dáwọ́ dúró. Ti pé ó tún máa ń tètè tutù kò ṣe nǹkan kan, torí wọn á ti tètè dà á sínú ife ìmutí.

Bàbà yára jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bàbà kì í bá ọtí tó kan díẹ̀ rẹ́. Ohun èlò bàbà gan-an, tánńganran ni wọ́n sábà máa ń fi tẹ́ inú rẹ̀.

Tánńganran ń yọ́ ní 232 péré lórí ìwọ̀n Celsius, bí ìgbà tí òróró ẹ̀pà bá gbóná nínú agbada débi tó ń rú èéfín. Nítorí náà, kò sí ariwo ẹwìrì níbi iṣẹ́. Wọ́n á yọ́ ọ nínú ìkòkò, wọ́n á bù ú, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù, ó di. Ohun tó jáde kì í dán, ó sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni orí ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí, tí wọ́n ń pè ní rokuro. Wọ́n á fi ife náà há ìdìmú onígi tí wọ́n gbẹ́ bá a mu. Bó ṣe ń yí, oníṣẹ́ á fún igi ọ̀bẹ gígùn mọ́ ara, á fi ojú rẹ̀ kan ife, tánńganran á sì máa ká jáde bí ìgbà tí wọ́n bá ń bó èèpo ọsàn tí kò já. Ọwọ́ ló ń mọ bó ṣe ń fúyẹ́ sí. Sáńdípépà kò wúlò níbí, torí irin yìí rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò kàn dí ojú rẹ̀ pa. Gbogbo eérún tó bá bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń gbá padà sínú ìkòkò.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jó imú àti ọwọ́ mọ́ ọn. Àgbà iṣẹ́ ni èyí. Ohun tí wọ́n fi ń jó o gbọ́dọ̀ yọ́ ṣáájú ife. Bí iná bá pẹ́ díẹ̀ sójú kan, ife á yọ́ mọ́ ọn. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó má baà jó olùtajà. Ní ti ọ̀ṣọ́, òòlù kékeré lè lù ú ní ààmì-ààmì, tàbí kí wọ́n fi oje igi urushi ya àwòrán sí i, kí ásíìdì wá jẹ ibi tí oje kò bò.

Ìjọba Jàpáànù ka iṣẹ́ tánńganran Ọ̀sákà mọ́ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ní ọdún 1983. Ní Kagoshima, ibùdó ìwakùsà Taniyama tí wọ́n rí ní 1655 ló bí iṣẹ́ náà. Ibùdó ìwakùsà náà kógbá sílé ní 1988. Ní Takaoka, ilé iṣẹ́ Nousaku, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1916, ń lo tánńganran tí kò ní àbùlà rárá. Tiwọn rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán lè tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ké wínníwínní létí, torí àwọn hóró inú irin náà ló ń yẹ̀ lára wọn. Àwọn ará Ọ̀sákà máa ń po irin mìíràn díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè le.

Ẹni tó bá gbé chirori ka orí gáàsì, tí ọtí inú rẹ̀ sì gbẹ, ìdí ife ló máa kọ́kọ́ lọ. Wọ́n tún máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbé e sínú fírísà, torí òtútù líle tó bá pẹ́ lára rẹ̀ lè sọ tánńganran di eérú. Ṣùgbọ́n bó bá ṣubú, tí etí rẹ̀ wọ inú, àtàǹpàkò ló ń tì í jáde padà.