Ilé-Ẹ̀kọ́ Adití ti Ìpínlẹ̀ California ní Fremont

California School for the Deaf tó wà ní Fremont jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn ọmọ adití àti àwọn tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa, ní ìpínlẹ̀ California, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń darí rẹ̀, òbí kì í sì í san owó ilé-ìwé. Apá àríwá California ni àwọn ọmọ ti ń wá. Àwọn tí ilé wọn jìnnà ń sùn nínú ọgbà láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì lọ sílé tí ọ̀sẹ̀ bá parí. Riverside ni èkejì rẹ̀, tó ń gba ọmọ apá gúúsù, wà láti 1953.

Gbígbé inú ọgbà yìí ní ìdí. Òbí tó ń gbọ́ràn ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ adití, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ èdè àfọwọ́sọ. Nílé, ọmọ lè jókòó ti oúnjẹ kí ọ̀rọ̀ máa lọ yí i ká láìyé e. Nílé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀: àwàdà, àríyànjiyàn, ìtàn kí wọ́n tó sùn. Èdè àfọwọ́sọ Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni.

San Francisco ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1860, àwọn obìnrin aláàánú ìlú náà ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1869, ó kó lọ sí Berkeley, níbi tí adití àti afọ́jú ti jọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Iná jó ilé náà ní 1875, wọ́n sì tún òmíràn kọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ibẹ̀ ni Theophilus d'Estrella, ọmọ òrukàn tí kò tíì mọ èdè kankan àfi ìfarajúwe tirẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ìrántí èwe rẹ̀ sílẹ̀, William James, onímọ̀ nípa èrò ọkàn ẹ̀dá, sì gbé e jáde nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1892. Ó ní òun gbà pé abẹ̀mí ni òṣùpá, pé ó ń ṣọ́ òun; ó tilẹ̀ ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn láti wò ó bóyá yóò tẹ̀ lé òun. Ọmọ náà ti ń ronú, ó ti ń ṣèwádìí, ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ ni kò rí. Ó padà di olùkọ́ àwòrán yíyà níbẹ̀, a sì máa fi àtùpà tó ń gbé àwòrán sára ògiri pìtàn fún àwọn ọmọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ni Granville Redmond, ayàwòrán tí àwọn pápá olódòdó California tó yà sọ di olókìkí. Charlie Chaplin, òṣèré sinimá aláwàdà nì, fún un ní yàrá iṣẹ́ nínú ọgbà sinimá rẹ̀, ó sì fún un ní ipa kó nínú àwọn sinimá rẹ̀. Douglas Tilden náà, tí àìsàn gba etí rẹ̀ ní kékeré, kàwé níbẹ̀, ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ère ní Paris. Ère idẹ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ṣì wà ní San Francisco.

Ní 1980, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Fremont, torí pé ọgbà Berkeley sún mọ́ ìlà ìsẹ̀lẹ̀ Hayward, àwọn ilé rẹ̀ kò sì ní lè dúró bí ilẹ̀ bá mì. Yunifásítì California ló ń lo ibẹ̀ báyìí. Ère Tilden mìíràn, ti àwọn ọdẹ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wọ̀yá ìjà pẹ̀lú béárì, bá àwọn ọmọ náà lọ, ó sì wà nínú ọgbà Fremont.