Ilẹ̀ Àkùrọ̀ Ni Yàrá Odò

Nígbàkígbà tí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bá ti rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ omi àti gọ́tà: kí ló dé tí odò fi ń ya wọ inú ilé? Èmi a máa yí ìbéèrè náà padà, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí, ilé ló kọ́kọ́ ya wọ inú odò.

Odò ní ojú tó ń gbà ṣàn lójoojúmọ́, ó sì tún ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ́tùn-ún lósì tó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí nígbà tí omi bá pọ̀. Àkùrọ̀ ni àwọn baba wa ń pe ilẹ̀ yìí. Wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ àti kókò síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́lé síbẹ̀. Ilẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń gé ta lónìí, oṣù kìíní tàbí oṣù kejì ni wọ́n sì sábà máa ń mú oníbàárà lọ wò ó, nígbà tí ó ti gbẹ táútáú. Ẹni tó ń rà á kò ya òmùgọ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ ni kò ká ilẹ̀ òkè.

Èmi náà ti ṣi ilẹ̀ wò rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dúró létí odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀pa, téèpù wà lọ́wọ́ mi, mo ń wọn ibi tí a ó gbẹ́ ihò omi abẹ́ títì sí. Màmá kan tó ń wa kókò nítòsí wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé inú odò lẹ dúró sí yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín, torí pé bàtà mi kò tutù rárá. Màmá wá fi àdá tọ́ka sí ara igi ọ̀pẹ kan, níbi tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára ní ìwọ̀n àyà mi. Mo tún gbogbo ìṣirò mi ṣe lọ́jọ́ náà.

Bí òjò bá rọ̀ tí omi rẹ̀ jẹ́ 50 mìlímítà nínú ife tí a fi ń wọn òjò, omi tí yóò bọ́ sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 lé ní 30,000 lítà, ìyẹn tánkà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ igbó, ewé á dá díẹ̀ dúró, ilẹ̀ á sì mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ páànù àti kọnkéré láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò sáré wọ odò. Ẹ wá ka iye òrùlé tó wà láti Lágere dé Mọ́dákẹ́kẹ́. Ìdọ̀tí tí a ń dà sínú gọ́tà ń dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, a ti fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí bo àwọn ìdí yòókù mọ́lẹ̀ jù. Gọ́tà tó mọ́ tónítóní kò lè gba omi tó ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń wa góòlù ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn lọ sí Ọ̀ṣun, títí omi fi pọ́n bí tíì oníwàrà. Ìsàlẹ̀ odò ni erùpẹ̀ yẹn ń jókòó sí, tí àyè omi sì ń dín kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí àwọn odò ńláńlá. Ìkún-omi ọdún 2012 pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600. Nígbà tí dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù bá kún, wọ́n a ṣí omi rẹ̀ sínú odò Bẹ́núé, bẹ́ẹ̀ dáàmù Dasin Hausa tó yẹ kó gba omi náà dúró ní Adamawa kò tíì parí. Òjò kì í yan ìlú: ní ọdún 2021, ìkún-omi pa ènìyàn tó lé ní 180 ní Jámánì. Ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ ya owó tó tó 30 bílíọ̀nù yúrò sọ́tọ̀ fún àtúnkọ́; lọ́dọ̀ wa, ẹni tí omi ba fìríìjì rẹ̀ jẹ́ ni yóò dá àjọ láti ra òmíràn.

Nítorí náà, ẹ lọ wo ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá ní oṣù kẹsàn-án kí ẹ tó fowó sílẹ̀. Ẹ má ṣe bá ajẹ́ńtì lọ. Àwọn tó ń dáko níbẹ̀ ni kí ẹ bi. Ibi tí igi ògùrọ̀ bá ti ń lalẹ̀ hù, omi ló ni ibẹ̀. Ẹni tó ti kọ́lé síbẹ̀ ńkọ́? Kí ó gbé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá àti ojú iná mànàmáná ara ògiri ga, kí ó sì máa tẹ́tí sí àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, àti NIHSA, èyí tó ń rí sí omi odò, ń gbé jáde lọ́dọọdún. Omi tó ń ṣàn tí kò ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, èyí tó bá tó 60 sẹ̀ǹtímítà sì lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, ohun yòówù tí ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà ì báà máa sọ.

Lẹ́yìn tí omi bá fà, kàǹga ni kí ẹ kọ́kọ́ rántí, nítorí pé omi tó wọ inú rẹ̀ ti gba inú ṣáláńgá kọjá, ibẹ̀ ni onígbáméjì sì ti ń wá. Ẹ fa kàǹga náà gbẹ, ẹ fi kúlórínì sí i, kí ẹ sì máa se omi rẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sára ògiri níbi tí omi ga dé, ẹ kọ ọdún sí i, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń bá yín kun ilé fún Kérésì tàbí Iléyá pé kò gbọ́dọ̀ kùn ún mọ́lẹ̀.